Òfì Tí Àwọn Ọmọ Síkáòtù Gbé Jáde

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1982, ni John, àkọ́bí Bámigbóyè, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Òkènè. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó ti jáde ní ilé ìwé gírámà, kò rí iṣẹ́, ó sì ń ṣe kọ́ńdọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Adétutù àbúrò rẹ̀ jí kí àkùkọ tó kọ. Ó da èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ó tẹ́ aṣọ káákì rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé aṣọ náà ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Òun náà ti kọ ìdánwò àṣejáde tirẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Ní ìlú Kabba lọ́dún náà, bí ọmọ bá ti kọ ìdánwò yẹn tán, ohun mẹ́ta ló kù fún un: ìdíkò, ilé ọtí, tàbí oyún. Àwọn àgbà a máa jókòó sí ìta, wọn a máa sọ pé ọ̀dọ́ ìwòyí ya ọ̀lẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ̀dọ́ tí ọ̀dọ́ kọ̀.

Ẹgbẹ́ Síkáòtù wà nílùú, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá a máa fi àpò sáré, a máa kọ́ bí a ti ń ta kókó. Bí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, irùngbọ̀n á yọ, ojú á tì í láti máa fi àpò sáré, á pa fìlà tì, á lọ. Bámigbóyè, tó jẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀, ni ó dìde níbi ìpàdé tó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ tó ti dàgbà pọ̀, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn yan iṣẹ́. Mẹ́jọ ló wá. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Makutu, níbi tí odò ti máa ń gba ẹrù lórí àwọn obìnrin oko nígbà òjò. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọn yóò fi ṣe é. Lọ́rì yóò gbé wọn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Thomas, kọmíṣọ́nnà Síkáòtù láti Ìsánlú, ń bọ̀ ní agogo méjì láti fi afárá kékeré kan dán wọn wò. Ó ti kọ̀wé ṣáájú. Wọn kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́jọ. Àgbà obìnrin kan gbọdọ̀ tẹ̀lé àwọn ọmọbìnrin. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, ẹgbẹ́ àgbà ti tú, kí kálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

"Tutù," ni Martha ìyá rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ta lo ń tẹ aṣọ fún?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Mi ò bi ọ́ ní ìkíni. Aṣọ ni mo bi ọ́."

"Makutu ni, Màmá. Bàbá ti fọwọ́ sí ìwé mi."

"Bàbá ló bí ọ. Ṣùgbọ́n Bàbá kọ́ ló rọbí rẹ." Martha yọ aṣọ náà kúrò lórí tábìlì, ó ká a, ó fi sábẹ́ apá. "Ọkọ̀ kankan kò ní gbé ọmọ mi."

Láti oṣù kẹta, kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ nínú ilé náà. Nígbà tí àbúrò Martha ń ṣe ìgbéyàwó ní Ìyàrà, ẹsẹ̀ ni Martha fi rìn lọ, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn bọ̀. Wọ́n ní kí ó wọ ọkọ̀, ó ní atẹ́gùn dára. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Bámigbóyè ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí. Kò yíjú padà. "Martha, bí ọmọ yìí bá jókòó sílé, kí ni yóò máa ṣe?"

"Á máa hun aṣọ. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló bi mí?"

Abẹ fífá dúró lójú Bámigbóyè. Ó fẹ́ sọ nǹkan nípa jíjókòó sílé àti ohun tó máa ń bí. Ó fọ abẹ náà.

Ibẹ̀ ni ohùn Rhoda ti gba orí ọgbà wọlé, kí ara rẹ̀ tó wọlé. Rhoda ni aládùúgbò wọn tó ń din àkàrà. Lucy ọmọ rẹ̀ wà lára ọmọ mẹ́jọ náà. Ṣíbí ìdinkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo ń kán sílẹ̀ bí ó ti ń kí wọn.

"Okun o! Okun gbogbo ilé! Ẹ jókòó! Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá nǹkan dì mú! Mísì Priscilla ti lọ!"

Mísì Priscilla ni olùkọ́bìnrin tó yẹ kó tẹ̀lé àwọn ọmọ náà lọ sí Makutu.

"Lọ síbo?" ni Bámigbóyè bi í. Ọṣẹ wà ní ìdajì ojú rẹ̀.

"Jọ́ọ̀sì! Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì wá gbé e ní ìdájí. Ó ní kí Lucy fi èyí fún yín." Ó na nǹkan kan jáde tí a fi ìwé ìròyìn wé. Fèrè ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú síkáàfù ọrùn, bàtà káńfáàsì àti ìwé pélébé kan. Ìwé náà kà pé: *Ẹ jọ̀wọ́ sà, ó yá mi lára ni. Ẹ bá mi bẹ àwọn ọmọbìnrin mi. Fèrè náà kì í dún dáadáa àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n.*

Rhoda fi ìdí sọlẹ̀ lórí àpótí. Ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu. "Ẹni tí ẹ fi ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin, kí wọ́n má baà sá tẹ̀lé ọkùnrin, òun ló sá tẹ̀lé ọkùnrin! Ìyá Jọ́..." Ó gbé ìyókù mì. Ìyá John ni gbogbo àdúgbò ń pe Martha fún ogún ọdún. Láti oṣù kẹta, ẹnu wọn máa ń dé ibẹ̀, á sì kọsẹ̀. "Ìyá Tutù," ni Rhoda wí, pẹ̀lú ohùn kékeré, "àkàrà mi ń jóná," ó sì sáré lọ.

Martha wo ọkọ rẹ̀. "Kò sí àgbà obìnrin. Ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò bá yín jà." Ó gbé agbọ̀n, ó mú àdá, ó gba oko lọ láti wa iṣu tuntun. Ó mú aṣọ káákì náà dání, kí ọmọ má baà wọ̀ ọ́.

Bámigbóyè fá ìdajì ojú tó kù, ó sì lọ láti pàdé kọmíṣọ́nnà. Ohun tí yóò sọ fún un, kò tíì mọ̀.

Ní agogo mẹ́wàá, àwọn ọmọ náà kóra jọ sí ẹ̀yìnkùlé Adétutù. Olúṣínà ni olórí wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ga bí òpó tẹlifóònù. Òun ló kó ìròyìn burúkú kejì dé.

"Káfíńtà ti ta igi wa. Ẹnì kan ń kan òrùlé lónìí. Igi gígùn méjèèjì ló gbé fún un."

"Kí la ó wá fi ṣe afárá ìdánwò?" ni Lucy bi í.

"Ẹ jẹ́ ká fi Olúṣínà dábùú odò," ni Délé wí. "Ó gùn tó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Adétutù fi dìde. Ó wo inú ilé. Ojú gbogbo wọn tẹ̀ lé tirẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfì ìyá rẹ̀ dúró ti ògiri: igi méjì gígùn, tí ọwọ́ ìran mẹ́ta ti pa títí wọ́n fi ń dán, tí wọ́n sì tọ́ bí ìlà rúlà. Aṣọ tí a hun dé ìdajì wà lójú rẹ̀.

"Rárá," ni Olúṣínà wí.

"Mo mọ bí a ti ń tú u," ni Adétutù wí. "Èmi ló ń bá a tò ó. Òwú kan kò ní já. Kí Màmá tó ti oko dé, a ó ti dá a padà."

"Tutù, ìyá rẹ á pa wá."

"Á pa wá ní agogo márùn-ún. Agogo méjì ni kọmíṣọ́nnà ń bọ̀."

Ó sọ aṣọ náà kalẹ̀ bí ẹni sọ ọmọ tó ń sùn kalẹ̀, ó ká a mọ́ ọ̀pá ìdábùú rẹ̀, ó gbé e sórí àjà. Ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì gbé igi méjèèjì lé èjìká, àwọn yòókù kó okùn, wọ́n sì to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba àárín Òdòlú, àdúgbò wọn, kọjá. Délé ń fọn fèrè Priscilla. Bó bá fọn ún lẹ́ẹ̀mẹta, á dún lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rò nìyí. Àwọn àgbà obìnrin àdúgbò yẹn mọ̀ pé òfì kì í jáde kúrò nílé ọkọ lójú ọ̀sán, àfi bí obìnrin tó ni ín bá kú, tàbí bí ó bá ń kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ lè kẹ́yìn, ìkòkò lè kẹ́yìn. Òfì ló ń ṣáájú.

Ìyá Ọlọ́runṣọlá, arúgbó tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́bàá ọ̀nà, gbé orí sókè.

"Òfì ta nìyẹn?"

"Ti màmá mi ni, mà," ni Adétutù wí. Kò dúró.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Apá odò, mà."

Apá odò náà ni ọ̀nà Kàtù, níbi tí ilé bàbá Martha wà. Ìyá Ọlọ́runṣọlá da ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó dìde. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ó dìde tí ẹnikẹ́ni kò fà á lọ́wọ́.

Kí ó tó di ọ̀sán, Martha ti kọ ọkọ rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ọjà, ó ti kó òfì nìkan. Ní ìdí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ti kó òfì àti ìkòkò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ọ̀dọ̀ James, ẹ̀gbọ́n Bámigbóyè tó ń ro oko lẹ́yìn ìlú, Martha ti kó gbogbo ẹrù, ó ti kó ọmọ, ọmọ ogun mẹ́jọ ló ń ràn án lẹ́rù, fèrè sì ń dún níwájú wọn.

James kò tilẹ̀ wẹ ẹsẹ̀. Ó rán ọmọ kan lọ sí Kàtù pẹ̀lú iṣu mẹ́wàá láti bẹ àna, ó sì sáré lọ bá àbúrò rẹ̀ ní pápá ilé ìwé, níbi tí Bámigbóyè àti kọmíṣọ́nnà ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Àbúrò mi, ọkàn rẹ kó le."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé?"

"Má fi pa mọ́ fún mi. Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀, àmúmọ́ra ni. Kí lo sọ fún un? Ṣé o nà án ni?"

"Ta ni?"

"Ó ti ń fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́!" ni James wí fún kọmíṣọ́nnà, tí kò mọ̀ rí. "Bàbá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Thomas jẹ́ ẹni ńlá, ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ takuntakun. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè," ni ó wí, "ṣé obìnrin tó máa tẹ̀lé àwọn ọmọ yìí ni wọ́n ń wí?"

Kí Bámigbóyè tó dáhùn, ọmọ tí James rán ti padà láti Kàtù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá Lájídé ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni ó wí. Bàbá Lájídé ni bàbá Martha. "Ó ní òun kò tíì rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbá yàrá fún un. Ó ní iṣu náà dára."

Lẹ́yìn ìlú, Martha ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí. Obìnrin mẹ́ta kúnlẹ̀ fún un lójú ọ̀nà.

"Okun o, Martha. Nítorí Ọlọ́run, padà."

"Mo ń padà. Ilé ni mo ń lọ."

"Ilé wo?"

"Ilé mi!"

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Ó ti ń pe Kàtù ní ilé rẹ̀."

Martha gbá agbọ̀n mú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Nígbà tó délé, ó rí ògiri. Ó dúró, agbọ̀n lórí, ó ń wo ibi tí òfì ìyá ìyá rẹ̀ ti ń dúró láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé náà. Rhoda yọjú lórí ọgbà.

"O ò tíì lọ? Wọ́n ní o ti lọ. Mo ti sunkún díẹ̀."

"Rhoda, ta ló gbé òfì mi?"

"Àwọn ọmọ Síkáòtù. Mo rò pé ìwọ lo háyà wọn."

Martha kò sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó yí padà, ó sì gba ọ̀nà ilé ìwé lọ. Rhoda ju aṣọ sí èjìká, ó tẹ̀ lé e. Ìyá Ọlọ́runṣọlá tẹ̀ lé Rhoda. Àwọn obìnrin mẹ́ta ìṣáájú tẹ̀ lé Ìyá Ọlọ́runṣọlá.

Lẹ́yìn pápá ilé ìwé, odò kékeré kan wà tí omi rẹ̀ kò ju ìbàdí lọ nígbà òjò. Àwọn ọmọ mẹ́jọ ti fi igi òfì méjèèjì dábùú rẹ̀, wọ́n ti di ọ̀pá kéékèèké mọ́ ọn, wọ́n sì dúró gírígírí lápá méjèèjì. Láti ọ̀nà jíjìn, iṣẹ́ náà dùn ún wò.

"Afárá tí n kò lè gùn," ni Ọ̀gbẹ́ni Thomas wí, "n kò lè fọwọ́ sí i." Ó gùn ún.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dára. Ó gbé èkejì, ó dára. Ní àárín odò, okùn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí tú. Kò já. Ó kàn ń tú ni, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Igi méjèèjì ya ara wọn, ọ̀kan lọ sí Ìsánlú, ọ̀kan lọ sí Lọ́kọ́ja, kọmíṣọ́nnà sì wà láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yà pẹ̀lú wọn. Kò pariwo. Ó wo iwájú. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú ọlá, bí ọba tó ń jókòó, títí omi fi dé bẹ́líìtì rẹ̀. Fìlà rẹ̀ nìkan ló bá omi lọ.

Olúṣínà gbé ọwọ́ sókè, ó ń kí i lọ́nà Síkáòtù, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe.

Ohùn kan dún láti etí pápá. Bámigbóyè yíjú. Martha ni, agbọ̀n iṣu lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú agbọ̀n náà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rò pé ẹkún ni. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti lọ bá a. Nígbà náà ni ó rí eyín rẹ̀.

Ẹ̀rín náà ti pẹ́ nínú rẹ̀, kò sì jáde lọ́nà tó rọrùn. Ó kọ́kọ́ rí bí ikọ́. Lẹ́yìn náà ó tú, iṣu kan bọ́ láti inú agbọ̀n, Rhoda gba ẹ̀rín náà, Ìyá Ọlọ́runṣọlá gbà á lọ́wọ́ Rhoda, gbogbo pápá sì ń rẹ́rìn-ín, títí kan ọkùnrin tó wà nínú omi. Adétutù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún.

Martha sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó ká aṣọ sókè, ó wọ inú omi, ó sì gbá okùn mú.

"Ta ló di èyí?"

Ìka mẹ́jọ ń tọ́ka sí ara wọn.

"Olúṣínà, ìwọ ni ọ̀gá wọn. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìwé ni, mà."

"Ìwé náà kò tíì rí òfì rí. Bí mo bá fi irú dídì yìí ta òwú, aṣọ ì bá ti wó lé mi lórí ní ọjọ́ kìíní. Ẹ wá síbí. Gbogbo yín! Tutù, o mọ èyí, kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?"

"Màmá, wọ́n ní ti Síkáòtù ni ká lò."

"Igi mi lẹ lò, ẹ ò lo ọgbọ́n mi. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ gba àárín igi méjèèjì kọjá. Báyìí. Ọmọkùnrin, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin, ẹ fún un. Fún un! Délé, ṣé o jẹun láàárọ̀?"

"Mo jẹun, mà."

"Kò dé ọwọ́ rẹ. Lucy, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Fún nǹkan bí wákàtí kan, ohùn rẹ̀ nìkan ló wà lórí odò náà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kì í gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ń dúró sínú ẹrẹ̀, ó ń bi í pé, "Ṣé ó ti tó, mà?" Martha ń dá a lóhùn pé kò tíì tó. Wọ́n ń tú u, wọ́n ń tún un dì. Délé bọ́ sódò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì sì dà bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Nígbà tí ó parí, Martha gbé agbọ̀n iṣu rẹ̀ lé orí, ó sì rìn kọjá. Igi kò mì. Ọ̀gbẹ́ni Thomas rìn tẹ̀ lé e, omi ń ro nínú bàtà rẹ̀.

"Ìyá," ni ó wí ní apá kejì, "ta ni yín?"

"Èmi ni mo ni igi."

James ti sún mọ́ wọn. "Ìyàwó wa, ṣé o ń lọ ni àbí o ò lọ?"

"Lọ síbo? Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe gbogbo ìlú yìí?"

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó jókòó sílẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ fún bàbá mi pé kí ó dá iṣu àwọn èèyàn padà."

"Ó ti ń se é," ni ọmọ tí wọ́n rán wí.

Kọmíṣọ́nnà mú síkáàfù Priscilla lọ́wọ́ Bámigbóyè. Ó fún omi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ kí ó lè dúró dáadáa. "Mo kọ̀wé pé kí wọ́n ní àgbà obìnrin kan. Mo ti rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn lọ."

"Rárá," ni Martha wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Mo ní aṣọ tí mo ń hun."

"Síkáòtù!" ni Rhoda wí. "Ìwọ pẹ̀lú ìdí yìí, nínú káákì!"

"Rhoda, pa ẹnu dé. Mo ní rárá, sà. Ẹ gbé igi mi wá, kí kálukú máa lọ sílé."

Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn. Wọn kò jiyàn. Bí ọ̀dọ́ kò bá jiyàn, nǹkan ti bàjẹ́. Olúṣínà ló wá, igi kan lórí èjìká rẹ̀, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà. A ó gbé wọn délé. Ẹ má bínú sí Tutù."

"Kí lẹ ó máa ṣe báyìí?" ni Martha bi í. Ó kàn bi í ni.

"Délé àti èmi máa lọ sí ìdíkò lọ́jọ́ Ajé, mà. Ọ̀gá kan ń wá kọ́ńdọ́."

Kò mọ ohun tí ó sọ. Ọmọ dáadáa ni. Ó kàn dáhùn ìbéèrè. Rhoda wo ilẹ̀. James wo òkè. Bámigbóyè ń wo ìyàwó rẹ̀. Omi ń ṣàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè ba àgbà.

Martha na ọwọ́. Ó yọ ewé kan kúrò nínú irun ọmọkùnrin náà.

"Ta ni dẹ́rẹ́bà tó máa gbé yín lọ sí Makutu?" ni ó wí.

Olúṣèyí dẹ́rẹ́bà ti wà ní ẹnu géètì láti agogo mẹ́ta, ó ń sùn lórí ìjókòó ọkọ̀. Ó jí, ó rí ogójì èèyàn, ó sì rò pé òun pa adìẹ kan.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Martha wí. "Ya ẹnu. Mí sí mi."

"Mà?"

"Mí sí mi."

Ó mí. Martha gbóòórùn rẹ̀. "Àlùbọ́sà."

"Ẹ̀wà ni mo jẹ, mà. Ìjọ aláìmutí ni mo wà."

Ó yí ọkọ̀ náà po, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síwájú ọkọ̀, nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, ó sì dúró sí àárín ọ̀nà. "Wà á bọ̀. Kí o sì dá a dúró níwájú mi."

"Martha!" ni Bámigbóyè wí.

"Wà á bọ̀!"

Olúṣèyí wà á bọ̀, ó ń gbàdúrà sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣe àmín. Ọkọ̀ náà dúró. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́rin kí ó kàn án. Martha kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó mú un ṣe é. Nígbà tí ó parí, aṣọ dẹ́rẹ́bà ti tutù ju ti kọmíṣọ́nnà lọ. Martha fi ọwọ́ kan imú ọkọ̀ náà, ó gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Bí mo bá fi ọwọ́ lu pátákó yìí lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí, "o dúró. O ò ní bi mí ní ìdí."

"Mi ò ní bi yín, mà."

Ó yọ aṣọ káákì Adétutù jáde láti ìsàlẹ̀ agbọ̀n iṣu, ó jù ú sí ọmọ náà. Ariwo tí àwọn ọmọ mẹ́jọ pa, wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà. Délé fọn fèrè Priscilla, ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà. James na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ó ń lọ lóòótọ́ o! Ẹ wá wò ó, ìyàwó wa ń lọ lóòótọ́!"

"Bàbá Tutù," ni Martha wí, ó ń di síkáàfù mọ́ ọrùn. "Kí lẹ ó máa jẹ?"

"Mo lè se iṣu."

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ yíjú wò ó.

"Ìgbà wo lẹ sè é kẹ́yìn?"

Bámigbóyè ronú. Kì í purọ́. "Ọdún 1951," ni ó wí. "Ní ilé ìwé."

Rhoda ní láti di igi máńgòrò mú.

Martha àti Adétutù lọ sílé fún ìdajì wákàtí, wọ́n padà dé pẹ̀lú àpò kan. Lọ́rì náà kúrò ní agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Igi òfì méjèèjì ni ó ṣáájú wọ inú rẹ̀, nítorí káfíńtà Makutu kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju ti Kabba lọ. Martha jókòó sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ọwọ́ rẹ̀ lórí pátákó. Kí ọkọ̀ tó dé ìpàdé ọ̀nà, ó ti lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró ní ìgbà méjèèjì.

Bámigbóyè fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Òdòlú. Ohun tí ó bá nílé nìyí.

Iṣu tuntun mẹ́fà.

Aṣọ tí a hun dé ìdajì, lórí àjà.

Adìẹ mẹ́sàn-án, tí wọn kò mọ ohùn rẹ̀.

Bàtà ọjọ́ ìsinmi Martha, ọ̀kan lábẹ́ àga, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà.

Omi, ìkòkò méjì àti ààbọ̀.

Ẹ̀gúsí tí a ti lọ̀, nínú àwo tí a fi àwo dé.

Ìwé pélébé kan, Adétutù ló kọ ọ́, Martha ló pè é: *Ẹ bó èèpo iṣu kí ẹ tó sè é. Ẹ da omi sí i. Ẹ má lọ síbì kankan tí iná bá ń jó. Bí ó bá nira, ẹ pe Rhoda, ẹ fara da ẹ̀rín rẹ̀.*

Ata. Epo.

Iyọ̀, níbi tí Martha nìkan mọ̀.